Ìkarahun pupa tó ti òkè Andes wá: ṣé oǹdè ni, àbí oúnjẹ òrìṣà?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mo ra ìkarahun pupa kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹran ọlọ́rùn gígùn, wọ́n dá ihò sí i lára, mo sì fi okùn sí i, mo ń gbé e kọ́rùn. Ẹni tó tà á ní oǹdè àwọn Inca ilẹ̀ Pẹ́rù ni, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, pé ó ń pe owó, ó sì ń lé ibi. Ó tún ní tí n bá san owó díẹ̀ sí i, adáhunṣe ibẹ̀ kan yóò bá mi jí agbára ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi rí i lọ́rùn mi nígbà tá à ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, wọ́n ní kí n jù ú nù kíákíá, pé nǹkan ẹ̀mí omi ni. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ Yemọja ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí owó ẹyọ náà ló rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi nǹkan yìí ṣe gan-an, kí ni kí n sì ṣe sí i?"

Arábìnrin, ọ̀rọ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín pọ̀ díẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń fi irú ìkarahun yìí ṣe, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà yín, torí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ìyá ẹni jáde kì í ṣe ohun tá a ń gbé sọnù. N ó dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò nílẹ̀. Ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn Inca ò tíì ní ìjọba ńlá kankan. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni agbára wọn gbilẹ̀ láti Cusco, ọdún 1532 sì ni àwọn ará Sípéènì mú ọba wọn, Atahualpa, ní Cajamarca. Bí ìkarahun yín bá ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kì í ṣe ti Inca. Bí ó bá jẹ́ ti Inca, kò tíì pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹni tó tà á fún yín ò mọ ohun tó ń tà, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó sì mọ̀ pé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.

Ìkarahun pupa tí wọ́n máa ń gbẹ́ báyìí, Spondylus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Mullu ni orúkọ rẹ̀ lédè Quechua, èdè tí àwọn Inca ń sọ. Ẹ̀dá inú òkun ni, ó ní awẹ́ méjì, ẹ̀gún gígùn ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè pupa bí ẹ̀jẹ̀, tàbí kó pọ́n bí ọsàn, tàbí kó ṣe elésè àlùkò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé, láti Mẹ́síkò wá sí Ẹ̀kùàdọ̀ àti ìpẹ̀kun àríwá Pẹ́rù. Ìyókù etíkun Pẹ́rù tutù jù fún un, torí ìṣàn omi tútù kan ń ti gúúsù gòkè wá. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó pupa dáadáa gbọ́dọ̀ rì tó mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú èémí àyà rẹ̀ nìkan. Àwọn alágbẹ̀dẹ Chimú, tí wọ́n wà ní àríwá Pẹ́rù ṣáájú kí Inca tó ṣẹ́gun wọn, fi àwòrán àwọn òmùwẹ̀ yìí sára ohun ọ̀ṣọ́ etí: ọkọ̀ lókè, okùn lára èèyàn, ìkarahun nísàlẹ̀. Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ ju Chimú lọ fíìfíì. Àwọn ará Valdivia ní etíkun Ẹ̀kùàdọ̀ ti ń gé e, wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, láti ohun tó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń san lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1526, Bartolomé Ruiz, atukọ̀ Francisco Pizarro, já lu ọkọ̀ ìgbòkun kan lórí òkun Ẹ̀kùàdọ̀, igi fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, èèyàn bí 20 ló wà nínú rẹ̀. Fàdákà, wúrà, aṣọ òwú àti aṣọ irun ẹran aláràbarà ló kún un. Àkọsílẹ̀ àwọn ará Sípéènì fúnra wọn sọ pé gbogbo ẹrù náà, ìkarahun pupa ni wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀. Wúrà lọ, ìkarahun bọ̀. Láti etíkun ni wọ́n ti ń gbé e gòkè lọ síbi tí òkun ò sí nítòsí rárá. Ní Chavín de Huántar, tẹ́ńpìlì kan tó ga ju 3,000 mítà lọ sókè ìtẹ́jú òkun, tó sì ti wà ṣáájú Inca ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún, wọ́n gbẹ́ òrìṣà kan sára òkúta tó di òkòtó òkun ńlá mú lọ́wọ́ kan, tó di ìkarahun ẹlẹ́gùn-ún mú lọ́wọ́ kejì. Ọdún 2001 ni àwọn awalẹ̀pìtàn hú irú òkòtó bẹ́ẹ̀ 20 jáde nínú yàrá kan níbẹ̀. Pututu ni wọ́n ń pè é, fífun ni wọ́n ń fun ún bíi kàkàkí. Wọ́n ti fín ọnà sí wọn lára, ara wọn sì ti dán níbi tí ọwọ́ ti ń bà wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé akọ ni òkòtó, abo ni ìkarahun ẹlẹ́gùn-ún. Èmi náà fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àwọn ará Chavín ò kọ ìwé sílẹ̀. Ohun tá a rí lára òkúta la fi ń sọ ọ́.

Níbi tí ìwé wà, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Mullu, oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ èèyàn o. Ní nǹkan bí ọdún 1608, àwọn èèyàn Huarochirí, tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú Lima, sọ ìtàn àwọn òrìṣà wọn lédè Quechua, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àlùfáà kan, Francisco de Ávila, ẹni tó fẹ́ mọ àwọn òrìṣà náà kó lè pa wọ́n run. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀tá, ìtàn náà ò sọnù. Wọ́n ní àwọn ìlú kan ṣọ̀tẹ̀ sí ọba Inca tó ń jẹ́ Tupac Inca Yupanqui, ogun náà sì sú u. Ó pe gbogbo òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀ jọ, ó ní ṣé wúrà, fàdákà, aṣọ àti oúnjẹ tí òun ń kó fún wọn, lásán ni? Gbogbo wọn dákẹ́. Macahuisa, ọmọ òrìṣà òkè tó ń jẹ́ Paria Caca, nìkan ló ní òun yóò lọ. Wọ́n gbé e gun òkè kan lójúkojú àwọn ọlọ̀tẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di àgbàrá, ó di mànàmáná, ó gbá ìlú wọn lọ. Nígbà tí ọba Inca náà wá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láti dúpẹ́, Macahuisa ní òun kì í jẹ irú èyí, kí wọ́n gbé mullu wá. Wọ́n gbé e dé, ó rún un lẹ́ẹ̀kan náà, eyín rẹ̀ ń dún "kap kap." Ẹ wo ẹni tó ń jẹ ẹ́: olójò ni, oní-mànàmáná ni.

Ìgbàgbọ́ yìí ò mọ sí Huarochirí nìkan. José de Acosta, àlùfáà Sípéènì tó tẹ ìwé jáde lọ́dún 1590, kọ ọ́ pé ìkarahun òkun ni wọ́n ń fi rúbọ sí àwọn ìsun omi, pé wọ́n máa ń sọ pé ọmọ òkun ni ìkarahun, òkun sì ni ìyá gbogbo omi. Ẹ gbé ìrònú náà yẹ̀ wò. Àgbẹ̀ orí òkè ní oko àgbàdo àti ọ̀dùnkún, ìsun kan ló ń bomi rin ín, tí ìsun náà bá gbẹ, ebi dé. Kí ni yóò fún ìsun náà kó má baà gbẹ? Yóò fún un ní ohun tó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ lódindi, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n dà á sínú omi. Ní Lambayeque ní etíkun àríwá, ìtàn kan wà tí Miguel Cabello Balboa kọ sílẹ̀ lọ́dún 1586, nípa ọba Naymlap tó gba orí òkun dé pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè náà, Fonga Sigde, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó máa wọ́n ìyẹ̀fun ìkarahun síbi tí ọba bá fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Oyè gidi ni o.

Àwọn onímọ̀ kan tún so ó mọ́ El Niño, ìgbà tí omi gbígbóná bá ya wọ etíkun Pẹ́rù tí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá sì rọ̀ sórí aṣálẹ̀ tí kì í fojú kan òjò. Wọ́n ní bí ẹ̀dá omi lílọ́ yìí bá yọ sí gúúsù ju ibi tó máa ń wà lọ, àwọn apẹja yóò ti mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu fún etíkun. Ṣùgbọ́n lórí àwọn òkè gúúsù, ní apá adágún Titicaca, El Niño a máa mú ọ̀dá wá ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi mullu tọrọ omi. Torí náà n kì í gbé gbogbo ẹrù lé El Niño lórí. Àwọn mìíràn ní ẹran inú rẹ̀ máa ń ní májèlé láwọn oṣù kan, pé ìyẹn ló ń mú àwọn aláwo rí ìran. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí ibẹ̀ tín-ín-rín jù lójú mi.

Ṣé wọn kì í wá wọ̀ ọ́ sára ni? Wọ́n ń wọ̀ ọ́. Nínú sàréè ọba àwọn Moche, ìyẹn àwọn ará etíkun àríwá Pẹ́rù ṣáájú Inca, tí awalẹ̀pìtàn Walter Alva àtàwọn èèyàn rẹ̀ hú ní Sipán lọ́dún 1987, ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun kéékèèké tí wọ́n hun pọ̀ bo àyà òkú náà. Ṣùgbọ́n ọba ló wọ̀ ọ́. Ohun tó ń sọ fáráyé ni pé ẹni yìí ló mọ ọ̀nà òkun, ẹni yìí ló lè fi omi fún yín. Ti ará ilé náà wà: Pablo José de Arriaga, tó kọ ìwé lọ́dún 1621 nípa bí wọ́n ṣe ń ba òrìṣà ilé àwọn èèyàn Pẹ́rù jẹ́, sọ nípa conopa, òrìṣà kékeré tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú, tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òmíràn dà bí àgbàdo, òmíràn dà bí lámà, kí oko lè ta, kí ẹran lè bí. Inú ilé ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n sì ń bọ ọ́. Kí ẹnì kan ra ìkarahun, kó so ó kọ́rùn, kó sì máa retí owó, n kò rí i nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ọwọ́ wọn ni nǹkan náà ti ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹran ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n gbẹ́ sí tiyín, lámà ni, ẹran tó bá ràkúnmí tan tí kò ní iké. Àwọn Inca gbẹ́ irú rẹ̀ lóòótọ́, a sì mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Ní 2020, àwọn awalẹ̀pìtàn Christophe Delaere àti José Capriles gbé ìròyìn àpótí òkúta kan jáde, èyí tí àwọn òmùwẹ̀ rí nísàlẹ̀ adágún Titicaca ní apá ilẹ̀ Bòlífíà. Wọ́n ti dé e pa látìgbà Inca. Nígbà tí wọ́n ṣí i, lámà kékeré kan tí wọ́n fi mullu gbẹ́ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wúrà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká. Adágún yẹn wà ní nǹkan bí 3,800 mítà sókè, òkun tí ìkarahun náà ti wá sì jìnnà sí i gidi gan-an. Ti Llullaillaco ló wúwo jù. Lórí òkè náà, tó ga ju 6,700 mítà lọ ní ààlà Ajẹntínà àti Ṣílè, Johan Reinhard àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí òkú ọmọdé mẹ́ta lọ́dún 1999, tí àwọn Inca fi rúbọ, tí òtútù ò sì jẹ́ kí wọ́n jẹrà. Ère èèyàn àti lámà kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wúrà, fàdákà àti mullu. N kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín nítorí kí ìtàn náà lè dùn. Ẹbọ náà ò pin sórí ìkarahun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ ìyá yín. Wọ́n ní nǹkan ẹ̀mí omi ni. Tí a bá fi ohun tí Acosta kọ wọ̀n ọ́n, wọn ò jìnnà sí òtítọ́. Òkun ni àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń pè ní Mamacocha, ìyá ni lójú wọn, ìkarahun sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí omi tí wọ́n ń wàásù nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń dè èèyàn, tó ń fẹ́ èèyàn lójú oorun, kò sí nínú ohunkóhun tí mo kà nípa mullu. Ẹ lè sọ ìyẹn fún wọn pẹ̀lú sùúrù. Tí ọkàn wọn ò bá ṣì balẹ̀, ẹ kúkú bọ́ ọ lọ́rùn. Kò sí àǹfààní kankan nínú wíwọ̀ rẹ̀ tó tó kí ẹ fi bá ìyá yín jà. Ọ̀rẹ́ yín náà sòótọ́ níbi kan: àwọn èèyàn méjèèjì rí òkun bí ìyá. Àmọ́ owó ẹyọ tiwa, láti Maldives ní òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wá, owó là ń ná nígbà àtijọ́, a sì tún ń lò ó fún òrìṣà àti fún ẹ̀ẹ́rìndínlógún. Mullu, oúnjẹ òrìṣà ni. Kò sì sí ohun tó fi hàn pé àwọn ará Andes àti àwọn baba wa pàdé rí ṣáájú kí ọkọ̀ òyìnbó tó dé. Kí ẹ gbé e sójúbọ Yemọja, ìpinnu tiyín ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn.

Nípa adáhunṣe tó ń jí agbára láti ọ̀nà jíjìn: àwọn aláwo wà ní agbègbè Cusco títí dòní, paqo ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń di ẹrù ẹbọ fún Pachamama, ìyá ilẹ̀, àti fún àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní apu. Ewé koka, ọ̀rá lámà, òdòdó, àdídùn, ìkarahun náà a sì máa wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dì í tán, wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin rí i pé ó tún padà síbi tá a wà: fífúnni ni. Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni yẹn.

Ó wá ku bóyá ti àtijọ́ ni. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ò lè dáhùn ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi fọ́tò nìkan búra fún yín, ẹ sá fún un. Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ lè fi awò amúǹkan-tóbi wò fúnra yín. Ara òde Spondylus nìkan ló ń pupa, inú rẹ̀ funfun. Nítorí náà, èyí tí wọ́n gbẹ́ sábà máa ń ní ibi funfun tàbí ìlà funfun níbì kan, ẹ ó sì rí ipele ìdàgbàsókè rẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín. Tó bá pupa délẹ̀ láìkù síbì kan, ó lè jẹ́ iyùn, ike, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ láró. Ẹ wo ihò rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ń lu ú láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó pàdé láàárín, nítorí náà ẹnu rẹ̀ máa ń fẹ̀, àárín rẹ̀ a sì fún. Ẹ̀rọ òde òní ń lu ihò gbọọrọ tó dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ èyí. Kódà àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù ò ní yanjú rẹ̀ pátá: ọjọ́ tí ẹ̀dá náà kú ló ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, èèyàn sì lè mú ìkarahun àtijọ́ tí wọ́n jí nínú sàréè, kó gbẹ́ lámà sí i lánàá. Omi òkun tún máa ń mú kí ọjọ́ orí ìkarahun dà bí ẹni pé ó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ju bó ṣe jẹ́ lọ, àfi tí wọ́n bá ṣe àtúnṣe sí ìṣirò rẹ̀. Èrò tèmi, pẹ̀lú irú irọ́ tí òǹtajà pa, ni pé tuntun ni.

Ìyẹn gan-an ló sì sàn fún yín. Láti ọdún 1929 ni òfin Pẹ́rù ti sọ pé ohun àtijọ́ inú ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Àwọn olè sàréè ló kọ́kọ́ já wọ Sipán kí ọlọ́pàá tó ránṣẹ́ pe Alva. Ohun tí wọ́n kó lọ níbẹ̀ fọ́n káàkiri àgbáyé, ohun tí ì bá sọ fún wa nípa ẹni tó ni ín sì bá a lọ. Bírítéènì fọwọ́ sí àdéhùn UNESCO ti 1970, tó lòdì sí òwò ohun àtijọ́ tí wọ́n jí, lọ́dún 2002, ní 2003 ó sì ṣòfin tó mú kó di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣòwò ohun àtijọ́ tí wọ́n hú lọ́nà àìtọ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ojúlówó tí kò ní ìwé tó fi hàn pé ó ti kúrò nílẹ̀ rẹ̀ láti àtijọ́, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí i. Tuntun náà ò mọ́ tán: àwọn òmùwẹ̀ òde òní kó Spondylus débi pé Ẹ̀kùàdọ̀ ní láti fòfin de kíkó rẹ̀ lọ́dún 2009.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí ká ní èmi ni yín. Ẹ yọ ọ́ lọ́rùn, torí òógùn, ìpara àti lọ́fínńdà ń jẹ ìkarahun. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun ìkarahun burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ihò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ojú ewé tí òǹtajà ti polówó rẹ̀ kó tó pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú Pẹ́rù ní Lọ́ńdọ̀nù pé ẹ ra nǹkan yìí láìmọ̀, ẹ fẹ́ kí wọ́n wò ó. Tí wọ́n bá ní tiwọn ni, ẹ dá a padà. Tí wọ́n bá ní tuntun ni, òǹtajà jẹ yín lówó, ẹ lè fi èsì wọn bèèrè owó yín lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ tí ẹ fi káàdì rẹ̀ sanwó.